Ìdá Nínú Ìdá: Ìdí tí Àkọ́sórí Kò Fi Gbọdọ̀ Ṣáájú Òye Nínú Ìsọdipúpọ̀ Ìdá

Èrò kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn olùkọ́ ìṣirò, àwọn òbí àti àwọn tó ń kọ ìwé fún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pé nínú ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí à ń gbà ṣe ìṣirò ìdá, ìyẹn ìròpọ̀, ìyọkúrò, ìsọdipúpọ̀ àti pípín, ìsọdipúpọ̀ ló rọrùn jù lọ. Ohun tí wọ́n fi ń ti èrò náà lẹ́yìn ni pé ẹni tó bá fẹ́ ro ìdá pọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá iye ìsàlẹ̀ kan tó bá ìdá méjèèjì mu, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ ìdá di púpọ̀ kò nílò irú wàhálà bẹ́ẹ̀: kó sọ iye òkè di púpọ̀ pẹ̀lú iye òkè, kó sọ iye ìsàlẹ̀ di púpọ̀ pẹ̀lú iye ìsàlẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Nítorí náà, olùkọ́ á kọ òfin sójú pátákó, àwọn ọmọ á dà á kọ, wọ́n á kọ́ ọ sórí, ẹ̀kọ́ á sì tẹ̀ síwájú. Àròkọ yìí tako èrò náà láti ìpìlẹ̀. Ohun tó ń jà fún ni pé ìrọ̀rùn òfin náà gan-an ló sọ ọ́ di ewu, pé ìsọdipúpọ̀ ni iṣẹ́ tó nílò òye jù nínú gbogbo ìṣirò ìdá, àti pé òfin "òkè pẹ̀lú òkè, ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ìsàlẹ̀" yẹ kó jẹ́ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ máa bá pàdé ní òpin ẹ̀kọ́, lẹ́yìn tó ti rí ìdí rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ tó wọra, ó yẹ kí ìtumọ̀ àwọn ohun tí à ń sọ hàn kedere. Ìdá ni nọ́ńbà tó ń sọ iye apá tí ènìyàn mú nínú odidi kan tí wọ́n ti pín ní ọgbọọgba. Iye ìsàlẹ̀ ni nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ìlà, òun ló ń sọ ọ̀nà tí wọ́n pín odidi náà sí. Iye òkè ni èyí tó wà lórí ìlà, òun ló ń sọ iye apá tí wọ́n mú. Nínú 2/3, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín odidi sí, méjì ni wọ́n sì mú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ìdá méjì nínú mẹ́ta. Odidi yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ìdá tí a kò mọ odidi tó ti wá kò ní ìtumọ̀: ìdajì àpò gàrí kì í ṣe ẹgbẹ́ ìdajì kóńgò gàrí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1/2 ni wọ́n máa kọ fún méjèèjì. Iṣẹ́ tí ìsọdipúpọ̀ sì ń ṣe ni pé ó ń pààrọ̀ odidi. Nígbà tí ènìyàn bá kọ 2/3 × 4/5, ohun tó ń wí ni pé kí a mú ìdá méjì nínú mẹ́ta, ṣùgbọ́n kí a mú un nínú 4/5, tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ apá kan nínú odidi mìíràn. Èyí ni ìdá nínú ìdá, òun gan-an sì ni ohun tí òfin àkọ́sórí ń gbé pamọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́.

Bí wọ́n bá gbé 2/3 × 4/5 síwájú ọmọ tó ti kọ́ òfin náà sórí, kò ní pẹ́ tí yóò fi kọ 8/15, èsì náà yóò sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wá bi í léèrè pé kí ni 15 tó wà nísàlẹ̀ yẹn ń kà, nígbà tó jẹ́ pé ìdá kan sọ̀rọ̀ nípa mẹ́ta, tí ìkejì sọ̀rọ̀ nípa márùn-ún, tí ẹnikẹ́ni kò sì dárúkọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí wọ́n tún bi í pé kí ló dé tí 8/15 fi kéré sí 2/3, tó tún kéré sí 4/5, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ìsọdipúpọ̀ odidi nọ́ńbà tó ti ń ṣe láti kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀ ló ń fún un ní èsì tó tóbi. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò ti pèsì jẹ, nítorí pé òfin tó kọ́ sórí kò ní ohunkóhun láti sọ nípa ìbéèrè méjèèjì.

Bẹ́ẹ̀, àwòrán kan ṣoṣo tó láti dáhùn wọn. Kí ọmọ náà ya àwòrán onígun mẹ́rin kan, kó fi ìlà òòró pín in sí ọ̀wọ́ márùn-ún tó dọ́gba, kó sì fi ọ̀dà kun mẹ́rin nínú wọn. Ohun tó kùn ni 4/5. Lẹ́yìn náà, kó fi ìlà ìbú pín àwòrán kan náà sí ọ̀nà mẹ́ta tó dọ́gba, kó sì fi àmì sí méjì nínú ọ̀nà mẹ́ta yìí, níbi tó ti kun ọ̀dà nìkan. Nígbà tó bá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, yóò rí i pé ìlà òòró àti ìlà ìbú ti gé odidi náà sí àpótí kéékèèké 15, nítorí pé ọ̀wọ́ márùn-ún ló wà, mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n sì gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí. Yóò sì rí i pé àpótí tó ní ọ̀dà àti àmì pa pọ̀ jẹ́ 8, nítorí pé ọ̀wọ́ mẹ́rin ló ní ọ̀dà, méjì-méjì sì ni àmì bọ́ sí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nísinsìnyí, òfin ti yọ jáde fúnra rẹ̀: ìsọdipúpọ̀ àwọn iye ìsàlẹ̀ ń ka gbogbo àpótí tó wà nínú odidi, ìsọdipúpọ̀ àwọn iye òkè ń ka èyí tí wọ́n mú. Ọmọ tó ya àwòrán yìí kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ òfin fún un, bó bá sì gbàgbé rẹ̀ lọ́la, yóò tún un yà, yóò sì tún òfin náà rí.

Ìmọ̀ ìdá nínú ìdá kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí pé ogún pínpín kò ṣeé ṣe láìsí i. Ọ̀nà méjì ni àṣà là sílẹ̀ fún pípín dúkìá ọkùnrin tó ní ju ìyàwó kan lọ, tó sì kú láìkọ ìwé ìpíngún. Èkíní ni orí-ò-jorí, níbi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ń gba iye kan náà. Èkejì ni ìdí-igi, níbi tí wọ́n ti máa ń kọ́kọ́ pín dúkìá ní ọgbọọgba sí iye ìyàwó tó bímọ fún olóògbé, kí àwọn ọmọ ìyá kan náà tó wá pín ìpín ẹ̀ka tiwọn láàárín ara wọn. Orí-ò-jorí jẹ́ pípín lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ìdí-igi jẹ́ ìsọdipúpọ̀ ìdá pọ́nńbélé. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà ìgbà náà dá ní 1958, tí ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù sì fi òǹtẹ̀ lù ní 1962, dá lórí dúkìá Suberu Dawodu, ẹni tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Adájọ́ àkọ́kọ́ fara mọ́ orí-ò-jorí gẹ́gẹ́ bí èyí tó bá ìgbà mu, ṣùgbọ́n àwọn ilé-ẹjọ́ òkè dá a pé ìdí-igi ṣì jẹ́ ara òfin àti àṣà Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olórí ẹbí lè yan orí-ò-jorí bí aáwọ̀ bá bẹ́ sílẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe máa pín in.

Ohun tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ di ẹjọ́ wà nínú ìṣirò rẹ̀. Bí wọ́n bá lo orí-ò-jorí fún ọmọ mẹ́sàn-án, 1/9 ni ti ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá lo ìdí-igi, 1/4 ni ti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n nítorí pé mẹ́sàn-án kò ṣeé pín sí mẹ́rin lọ́gbọọgba, kò sí bí iye ọmọ inú ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe lè dọ́gba. Ọmọ tó bá dá wà nínú ẹ̀ka tirẹ̀ yóò gba 1/4 gbáko; ọmọ tó bá jẹ́ ọ̀kan nínú méjì yóò gba 1/2 × 1/4, ìyẹn 1/8, tó ju 1/9 lọ; ọmọ tó bá jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta yóò gba 1/3 × 1/4, ìyẹn 1/12, tó kéré sí 1/9. Ẹni tó ń pín ogún ní ìdí-igi mọ̀ pé ìdá kan nínú mẹ́ta tí òun ń fún ọmọ yìí kì í ṣe ti gbogbo dúkìá, pé ti ẹ̀ka ni, ìmọ̀ yìí ló sì ń jẹ́ kó mọ̀ pé èsì gbọ́dọ̀ kéré sí 1/4 kó tó gé ilẹ̀ rárá. Kò sí àgbàlagbà tó jókòó síbi irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ tó máa gbà pé 1/3 × 1/4 lè mú nǹkan tóbi sí i.

Ìṣirò kan náà wà nínú ẹ̀sìn méjèèjì tó gbilẹ̀ jù láàárín Yorùbá. Nínú ìlànà ogún ti Ìsìláàmù, bí ọkùnrin bá kú tó sì ní ọmọ, 1/8 ni ti ìyàwó, bí ìyàwó bá sì ju ẹyọ kan lọ, 1/8 kan náà ni wọ́n máa jọ pín. Nítorí náà, ìyàwó mẹ́rin yóò gba 1/4 × 1/8 kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 1/32. Nínú Bíbélì, ìwé Nọ́ńbà orí 18 pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ Léfì yọ ìdámẹ́wàá nínú ìdámẹ́wàá tí àwọn ènìyàn san fún wọn, èyí tó jẹ́ 1/10 × 1/10, ìyẹn 1/100 nínú ohun tí àwọn ènìyàn kórè. Ìdá nínú ìdá ni gbogbo wọn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó nílò kí ènìyàn kọ́kọ́ gbọ́ nípa òkè àti ìsàlẹ̀ kó tó yé e. Nígbà náà, ìbéèrè tó yẹ kí àwọn alátìlẹyìn àkọ́sórí dáhùn ni ìdí tí wọ́n fi ń mú ohun tí ọmọ lè bá nílé, nídìí ogún àti nínú ilé ìjọsìn, tí wọ́n sì ń bọ́ ìtumọ̀ kúrò lára rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọ kíláàsì.

Àìmọ odidi kì í sì í ṣe àṣìṣe inú ìwé lásán. Oríṣi púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan wà tó wọ́pọ̀ ní agbègbè Èkó, tó jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú àti 120 ẹsẹ̀ bàtà ní òòró, èyí tó jẹ́ 7,200 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóòró. Ẹni tó ra ìdajì púlọ́ọ̀tì ní ẹ̀tọ́ sí 3,600, èyí tó lè jẹ́ 60 lọ́nà 60, tàbí 30 lọ́nà 120. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wọn 30 lọ́nà 60 fún un, tí wọ́n sì ṣàlàyé fún un pé ìdajì ìbú àti ìdajì òòró ni wọ́n fún un, ọ̀rọ̀ náà lè dún bí òtítọ́ létí ẹni tí kò mọ̀ pé 1/2 × 1/2 jẹ́ 1/4, bẹ́ẹ̀ 1,800 ni wọ́n gé fún un, ìdá kan nínú mẹ́rin púlọ́ọ̀tì, lórí owó ìdajì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó lè bọ́ sí irú àṣìṣe yìí ló ti kọ 1/2 × 1/2 = 1/4 nínú ìwé iṣẹ́ wọn nígbà tí wọ́n wà nílé-ẹ̀kọ́, tí olùkọ́ sì fi kálàmù pupa sọ pé ó dára. Òfin wà lórí wọn, ṣùgbọ́n kò sọ fún wọn rí pé ohun tí wọ́n ń kọ ni ilẹ̀.

Àwọn ẹ̀rí tó wá láti ibòmíràn fi hàn pé àìsàn yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ kan ṣoṣo. Ní ọdún 1978, nínú ìdánwò àpapọ̀ tí wọ́n fi ń wo bí ẹ̀kọ́ ṣe ń lọ sí ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí àwọn ọmọ ọdún 13 fojú díwọ̀n 12/13 + 7/8, kí wọ́n sì sọ èyí tó sún mọ́ jù nínú 1, 2, 19 àti 21. Ìdá kọ̀ọ̀kan sún mọ́ odidi kan, nítorí náà 2 ni ìdáhùn, ṣùgbọ́n ọmọ 24 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló mú un. 28 mú 19, 27 mú 21. Ibi tí 19 ti wá hàn, nítorí pé 12 àti 7 ló bí i, bí 13 àti 8 ṣe bí 21. Òótọ́ ni pé ìròpọ̀ ni ìbéèrè yìí, kì í ṣe ìsọdipúpọ̀, ṣùgbọ́n ojú tí àwọn ọmọ náà fi wo ìdá ni ẹ̀rí náà tú sí gbangba: lójú wọn, ìdá kì í ṣe nọ́ńbà kan, nọ́ńbà méjì tó gun ara wọn lórí ni. Òfin tó ń sọ fún ọmọ pé kó mú òkè lọ sọ́dọ̀ òkè, kó mú ìsàlẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìsàlẹ̀, láìṣàlàyé, ni ẹ̀kọ́ tó le jù tí ènìyàn lè fi tẹ irú ojú bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn lára, kò sì yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí ọmọ náà bá gbé e dé ìdí ìròpọ̀, tó sì kọ pé 1/2 + 1/3 jẹ́ 2/5, láìfura pé 2/5 kò tó 1/2 tó fi bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe àwọn ọmọ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Nínú ìwé tí Liping Ma tẹ̀ jáde ní 1999, ó fi olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 23 ní Amẹ́ríkà wé 72 ní Ṣáínà lórí pípín odidi kan àti 3/4 sí 1/2. Nínú 21 tó gbìyànjú rẹ̀ láàárín àwọn ará Amẹ́ríkà, mẹ́sàn-án ló ṣe é dé òpin tó sì gbà á, nígbà tí gbogbo àwọn ará Ṣáínà gbà á. Ṣùgbọ́n ibi tí ìyàtọ̀ ti le jù ni ìgbà tí ó ní kí wọ́n sọ ìtàn tí ìṣirò náà lè bá mu: púpọ̀ nínú àwọn ará Amẹ́ríkà sọ ìtàn pípín sí méjì tàbí mímú ìdajì, wọ́n sì tipa bẹ́ẹ̀ fi ìsọdipúpọ̀ pẹ̀lú 1/2 rọ́pò pípín sí 1/2. Olùkọ́ tí kò lè sọ ìtàn ìdá kò lè fún ọmọ ní ohun tó ju òfin lọ, nítorí pé òfin nìkan ni òun náà gbà lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ.

Ibi tí àkọ́sórí tún ti ń já ènìyàn kulẹ̀ ni ìdí odidi tó ní ìdá lẹ́yìn, bíi 2½ àti 3½. Ọmọ tí wọ́n ti kọ́ pé kí irú máa wá irú rẹ̀ lọ yóò sọ 2 di púpọ̀ pẹ̀lú 3, yóò sọ ½ di púpọ̀ pẹ̀lú ½, yóò sì kọ 6¼. Kí ó jẹ́ pé yàrá kan ló gùn ní mítà 3½, tó sì fẹ̀ ní mítà 2½, tí wọ́n fẹ́ tẹ́ táìlì sí: 6¼ yẹn ka igun kan tó jẹ́ 2 lọ́nà 3 àti igun kékeré kan tó jẹ́ ½ lọ́nà ½, ṣùgbọ́n ó fo ilẹ̀ tóóró méjì tó wà láàárín, ìyẹn 2 lọ́nà ½, tó jẹ́ 1, àti 3 lọ́nà ½, tó jẹ́ 1½. Bí wọ́n bá ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, 8¾ ni, ẹni tó ra táìlì 6¼ yóò sì rí i pé mítà 2½ níbùú lóòró nínú ilẹ̀ yàrá náà kò rí táìlì bò. Òtítọ́ ni pé àwọn olùkọ́ máa ń sọ fún ọmọ pé kó yí odidi àti ìdá padà sí ìdá lásán, kó lo 5/2 × 7/2, kó sì rí 35/4, tó jẹ́ 8¾ kan náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ń fi òfin kejì tún ohun tí òfin kìíní bà jẹ́ ṣe ni, ọmọ náà kò sì tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mítà 2½ tó sọnù.

Àwọn kan nínú àwọn tó fẹ́ràn òfin mọ̀ pé ìtumọ̀ ṣe pàtàkì, wọ́n sì ti wá ọ̀nà àbùjá kan sí i: wọ́n ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé níbikíbi tó bá ti rí "nínú" láàárín nọ́ńbà méjì nínú ìbéèrè, ìsọdipúpọ̀ ni. Àbùjá yìí kò yàtọ̀ sí àkọ́sórí, nítorí pé ó ń kọ́ ọmọ láti máa ṣọdẹ ọ̀rọ̀ dípò kó máa ro ohun tí ọ̀rọ̀ ń sọ. Bí ìbéèrè bá ní ìyá kan ní 3/4 kóńgò ẹ̀wà, tó sì se ìdajì nínú rẹ̀, 1/2 × 3/4 ni, 3/8 kóńgò ló sì sè. Bí ìbéèrè mìíràn bá ní ó se ìdajì kóńgò nínú rẹ̀, ìyọkúrò ló máa sọ iye tó ṣẹ́ kù, 3/4 − 1/2, tó jẹ́ 1/4 kóńgò. "Nínú" wà nínú ìbéèrè méjèèjì, 3/4 àti 1/2 wà níbẹ̀, síbẹ̀ iṣẹ́ wọn yàtọ̀, ohun tó sì yà wọ́n ni odidi: nínú èkíní, ìdajì ohun tó wà nílẹ̀ ni; nínú èkejì, ìdajì odidi kóńgò ni. Ọmọ tó bá ń bi ara rẹ̀ léèrè pé "ìdá nínú kí ni?" kò ní ṣi ọ̀nà.

Ó kù síbẹ̀ láti yẹ èrò pé ìsọdipúpọ̀ rọrùn ju ìròpọ̀ lọ wò fúnra rẹ̀, nítorí pé èrò yìí ló so gbogbo àwọn yòókù ró. Ohun tó mú kí ìròpọ̀ le, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ, ni wíwá iye ìsàlẹ̀ tó bá ìdá méjèèjì mu. Ṣùgbọ́n báwo ni 2/3 ṣe ń di 8/12 kí wọ́n tó lè rò ó pọ̀ mọ́ 1/4? Wọ́n sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 4/4 ni, 4/4 sì jẹ́ odidi kan, èyí tí kì í yí iye nǹkan padà. Èyí túmọ̀ sí pé ìsọdipúpọ̀ ìdá wà ní ìdí ìròpọ̀ ìdá, pé ẹni tí kò mọ ìdí tí ìsọdipúpọ̀ pẹ̀lú ohun tó kéré sí 1 fi ń dín nǹkan kù, tí ti 1 fi ń fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, tí ti ohun tó ju 1 lọ fi ń fi kún un, kò lè mọ ìdí tí 2/3 àti 8/12 fi jẹ́ ọ̀kan náà. Iṣẹ́ tí wọ́n pè ní èyí tó rọrùn jù ni ìpìlẹ̀ èyí tí wọ́n pè ní èyí tó le. Bákan náà ni gígé nọ́ńbà kúrò ní igun sí igun, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú 4/9 × 3/8, níbi tí wọ́n ti ń fi 4 gé 8, tí wọ́n ń fi 3 gé 9, tí èsì sì jẹ́ 1/6: ó tọ̀nà nítorí pé gbogbo iye òkè ti di èsì kan, gbogbo iye ìsàlẹ̀ ti di èsì kan, nọ́ńbà tó wà nínú èsì kan sì lè pààrọ̀ ipò. Ọmọ tí kò mọ ìdí yìí máa ń gé igun sí igun nínú 4/9 + 3/8 pẹ̀lú, nítorí pé lójú tirẹ̀ àmì tó wà láàárín kò jọ ohun tó yẹ kó dá òun dúró.

Àwọn tó ń gbè òfin lẹ́yìn ní àwíjàre mẹ́ta tó yẹ kí a dáhùn. Èkíní ni pé àkókò kò sí, pé ìdánwò ń bọ̀, pé ọmọ tó mọ òfin yóò gba máàkì. Ohun tí wọn kò kà mọ́ ọn ni àkókò tí wọ́n ń lò láti tún òfin kan náà kọ́ ní ọdọọdún, nítorí pé ohun tí kò ní ìdí kì í pẹ́ lórí, àti àkókò tí olùkọ́ girama ń lò láti fa àṣìṣe ìròpọ̀ tu kó tó lè kọ́ wọn ní ìdá tó ní lẹ́tà nínú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi ya àwòrán ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa ń san ara rẹ̀ padà.

Èkejì ni pé òye á dé bó bá yá, pé kí ọmọ kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìgbésí ayé àwọn àgbà ló já àwíjàre yìí ní koro. Bí òǹtajà kan bá dín ọjà ₦10,000 kù ní ìdá kan nínú márùn-ún, tó sì tún dín iye tuntun náà kù ní ìdámẹ́wàá, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ro 20 nínú ọgọ́rùn-ún àti 10 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀, tí wọ́n máa retí pé kí ọjà náà di ₦7,000. ₦7,200 ni, nítorí pé 9/10 × 4/5 ni ohun tó kù, ìdámẹ́wàá náà sì jẹ́ ti ₦8,000, kì í ṣe ti ₦10,000. Àwọn tó ṣi èyí mú kò gbàgbé òfin. Kò wá sí wọn lọ́kàn rárá pé ibí yìí ni ilé rẹ̀ wà. Òye tí wọ́n ní yóò dé kò dé, nítorí pé kò sí ẹni tó rán an níṣẹ́.

Ẹ̀kẹta ni pé òfin náà ti dàgbà, pé àwọn ọlọ́gbọ́n ti lò ó láti ayébáyé. Ó dàgbà lóòótọ́: Brahmagupta, onímọ̀ ìṣirò ará Íńdíà, kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 628. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kọ ọ́, ó ti lé ní 2,000 ọdún tí Ahmes, akọ̀wé ará Íjíbítì, ti ṣe àdàkọ ìwé òrépèté tó wà ní British Museum títí dòní, nínú èyí tí àwọn ìbéèrè àkọ́kọ́ ti dá lórí bí wọ́n ṣe ń pín ìṣù búrẹ́dì fún ọkùnrin mẹ́wàá. Lẹ́yìn Brahmagupta, ní nǹkan bí ọdún 820, al-Khwarizmi kọ ìwé rẹ̀ lórí áljẹ́brà ní Bàgídáàdì, ó sì ya apá ńlá nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìṣirò ogún, níbi tí ìdá ti ń wọnú ìdá. Ohun tí ìtàn fi hàn ni pé pínpín ló kọ́kọ́ wà, búrẹ́dì àti dúkìá ló kọ́kọ́ wà, òfin sì jẹ́ àkékúrú ohun tí àwọn ènìyàn ti mọ̀. Ẹni tó bá fi àkékúrú síwájú ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí kò tẹ̀lé ipasẹ̀ àwọn ọlọ́gbọ́n náà.

Ó tọ́ kí àwọn tó tako àkọ́sórí náà jẹ́wọ́ ohun kan: òfin náà ṣe pàtàkì. Kò sí ẹni tó lè máa ya àpótí fún 17/23 × 41/58, bẹ́ẹ̀ ni "ìdá nínú ìdá" kò fi bẹ́ẹ̀ bá ẹnu mu nígbà tí ìdá méjèèjì bá ju odidi lọ, bíi 5/2 × 7/3, níbi tí ìbú àti òòró ilẹ̀ ti ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ dáadáa ju pípín lọ. Richard Skemp, ẹni tó kọ àròkọ olókìkí kan ní 1976 lórí irú òye méjì tó wà nínú ìṣirò, ìyẹn mímọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìkan àti mímọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀, gbà pé èkíní máa ń yá ju èkejì lọ láti mú èsì jáde. Ohun tí à ń bá jà ni ipò tí wọ́n fi òfin sí. Ẹ̀kọ́ tó bójú mu yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìdá nínú odidi nọ́ńbà, bíi 1/3 nínú ọsàn 12. Yóò lọ sí ìdá ẹyọ kan nínú ìdá ẹyọ kan, bíi 1/3 nínú 1/4, pẹ̀lú ìwé tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká. Yóò dé 2/3 × 4/5 pẹ̀lú àwòrán. Yóò sì ní kí ọmọ sọ kó tó ṣe ìṣirò bóyá èsì máa tóbi ju tàbí kéré sí ohun tó wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí olùkọ́ tó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti rí ọ̀nà tó yá. Èdè tí ọmọ gbọ́ nílé ló sì yẹ kí wọ́n fi sọ gbogbo rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àkànṣe ọdún mẹ́fà ti Ifẹ̀, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ti fi hàn pé ìṣirò ṣeé kọ́ ní èdè Yorùbá jálẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá ṣì gbà pé òfin nìkan tó, kó kọ 2/3 × 3/4 síwájú akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀, kó sì béèrè ohun mẹ́ta kó tó gba èsì: ṣé ohun tó máa jáde máa ju 3/4 lọ ni àbí kò ní tó o, kí ni àwòrán rẹ̀, irú ìtàn wo ló sì bá a mu? Bí ọmọ náà bá kọ 6/12 tàbí 1/2 tí kò sì rí ọ̀kan dáhùn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò yẹ kí olùkọ́ sọ pé ó ti mọ ìsọdipúpọ̀ ìdá, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí wọ́n dá ọmọ lẹ́bi nígbà tí àṣìṣe bá dé ní girama. Àwọn tó pe iṣẹ́ náà ní ohun tó rọrùn ni ẹ̀bi tọ́ sí, nítorí pé àwọn ni wọ́n sọ fún un pé kò sí ohun tó yẹ kó yé e níbẹ̀.